Ìmọ́lẹ̀ Tí Kò Dé Abẹ́ Ojúòró

Bàbá mi kò fẹ́ kí n máa kọ́ òun ní nǹkan. Ó ní ìwé tí òun fi abẹ́rẹ́ rán mi lọ kà kò gbọdọ̀ padà wá máa yọ òun lẹ́nu nílé. Télọ̀ ni. Aṣọ ilé-ìwé ló fi ọ̀pọ̀ ọdún rán ní Angwan Rukuba, nílùú Jos, títí ẹ̀yìn fi sọ fún un pé òun ò lè tẹ̀ mọ́. Nígbà tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, gbogbo wa rò pé yóò jókòó sílé, yóò máa gbọ́ rédíò. Ó kó gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí Gyel, ó gba kòtò kan tí àwọn tó ń wa tánganran láyé àwọn òyìnbó gbẹ́ sílẹ̀, tí òjò sì ti sọ di adágún. Ó ní ẹja ni òun máa fi ọjọ́ ogbó sìn.

Epìyà ló yàn. Mo ní kó jẹ́ ká kó àrọ̀ síbẹ̀, nítorí àrọ̀ lágídí. Bí omi ò bá dáa fún un, á yọ ẹnu sókè, á gba afẹ́fẹ́. Bàbá mi ní òun ò lè máa jí wo ẹja onírùngbọ̀n láràárọ̀. Epìyà ní ìpẹ́, ó ń dán bí aṣọ tuntun. Ẹni tó ti rán ṣòkòtò kákí fún gbogbo ọmọ àdúgbò, bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó ń dán. Mo fi í sílẹ̀.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kò jiyàn rárá. Nígbà tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ ṣe ìrántí ìyá rẹ̀, ó gbé korobá ọ̀dà kan bọ̀, orí itan ló gbé e lé láti ọ̀hún títí dé Jos. Omi ló wà nínú rẹ̀, ojúòró mélòó kan sì léfòó sórí omi náà, ewé wọn tutù, ó là sílẹ̀ bí òdòdó. Ó ní dẹ́rẹ́bà fẹ́ kí òun sọ ọ́ nù nítorí pé ó ń ta sórí ìjókòó, òun sì sọ fún un pé kó ṣáà máa wa mọ́tò rẹ̀. Mo bi í bóyá ojúòró náà sanwó ọkọ̀.

"Kò sanwó," ó ní, "ìwọ náà ò sì sanwó nígbà tí mo pọ̀n ẹ́ wá sí ìlú yìí."

Kò sí Yorùbá tí kò mọ àdúrà ojúòró. Ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbà á. Ìyá mi gbé tirẹ̀ láti ilé wá. Ó bọ́ bàtà ní etí adágún náà, ó rọra da korobá sómi, ó ní: "Bí ojúòró ṣe ń lékè omi, bí òṣíbàtà ṣe ń lékè odò, ọkọ mi, wàá lékè iṣẹ́ yìí. Ilé wa á lékè. Àìsàn ò ní bò wá mọ́lẹ̀." Bàbá mi dá a lóhùn pé "Àmín", èmi náà ṣe "Àmín", ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé tèmi ló dún jù. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì ni mí. Mo mọ̀ pé ojúòró a máa bímọ lójú omi, ọmọ a sì bí ọmọ. Ohun tí mo rò ni pé yóò ṣíji bo ẹja díẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Òjò ọdún tó tẹ̀lé e ni rọpárọsẹ̀ mú ìyá mi. Ó ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì ni, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dúró láàárín, ó wá ń wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò. Nígbà tí ilé ìwòsàn dá wa sílẹ̀, apá kan ara rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ sì di ohun tó ń fi ahọ́n wá kiri lẹ́nu, tó jẹ́ pé bó bá rí ọ̀kan, òmíràn á ti sọnù. Dókítà ní ká ṣe sùúrù. Àwọn ará àdúgbò ń wọlé, wọ́n ń kí wa ní "sannu, sannu", wọ́n ń jáde. Bàbá mi kọ́ bí a ṣe ń ró ìró fún obìnrin. Ó kọ́ bí a ṣe ń ya irun. Mo rí i níjọ́ kan tó fẹnu fẹ́ ògì kó tó fi ṣíbí kàn án létè, mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé lọ sunkún.

Òjò yẹn kan náà ni ojúòró bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Bí bàbá mi bá ti Gyel dé, kó tó bọ́ fìlà, á lọ dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì ìyá mi.

"Ojúòró rẹ ti dé ibi òkúta o."

Ìyá mi á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú apá ẹnu tó ṣẹ́ kù fún un.

Lọ́sẹ̀ mìíràn, "Ó ti dé ìdajì omi." Lẹ́yìn náà, "Ó ti ń bọ̀ wá bá ibi tí a ti ń fún ẹja lóúnjẹ." Lọ́sẹ̀ tí ìyá mi kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, bàbá mi wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ṣé mo rí i, ojúòró náà lé sí i lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ojúòró ni bàbá mi fi ń wọn ara ìyá mi. Bó bá ń tàn, ara ń yá. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ara náà ṣáà ń yá díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí òjò ń parí lọ ni ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú láàárọ̀. Bàbá mi ti fi ọparun dá ojú omi kékeré kan sọ́tọ̀ kí ojúòró má bàa bò ó, ibẹ̀ la ti ń da oúnjẹ fún wọn. Mo bá a lọ ní àárọ̀ Sátidé kan kí oòrùn tó là dáadáa. Gbogbo ojú omi inú ọparun náà kún fún ẹnu. Kò sí ara, kò sí ìrù, ẹnu nìkan, wọ́n ń là, wọ́n ń pa dé. Bàbá mi ní ebi ló ń pa wọ́n. Ó da oúnjẹ sí i, kò sí èyí tó jẹ ẹ́. Èyí tó wà létí, mo fi ọwọ́ gbé e, kò sá.

Bàbá mi gbìyànjú gbogbo ohun tí a sọ fún un. Ó yí oúnjẹ wọn padà. Ó da iyọ̀ sómi. Ẹnì kan ta oògùn kan fún un nínú ìgò tí kò ní orúkọ lára, ó dà á sómi, a ò rí ìyàtọ̀. Láràárọ̀ ni ẹja mélòó kan ń kú, á fi abọ́ kó wọn, á lọ rì wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò, á sì padà wá jókòó. Gbogbo ohun tó ní wà nínú omi yẹn. Oògùn ìyá mi, ẹni tó ń wá na ẹsẹ̀ rẹ̀, owó epo mọ́tò tí a fi ń gbé e lọ gbé e bọ̀, ara ẹja yẹn ló yẹ kó ti máa jáde.

Èmi mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Mo fi igi tú inú omi, ohun tó bá igi jáde ni koríko abẹ́ omi, èyí tó máa ń gùn bí irun tó sì máa ń tutù yọ̀yọ̀ lábẹ́ ibẹ̀. Ó ti rà bàjẹ́, ó ń rùn. Ewéko abẹ́ omi náà ń dáná oúnjẹ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni iná rẹ̀, ọ́síjìn ló sì ń tú jáde bó ti ń dáná, òun náà ni ẹja ń mí. Fotosíńtẹ́sísì là ń pè é níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọn a sì máa pè é tẹ̀lé wa bí ẹni ń jẹ ẹran líle. Bí ojúòró bá bo ojú omi pátápátá, iná kú nìyẹn. Koríko á jẹrà, ìjẹrà rẹ̀ á tún jẹ ìwọ̀nba èémí tó kù.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi nínú mọ́tò bí a ti ń padà sílé.

"Ojúòró ìyá rẹ lo fẹ́ kí n kó dànù?"

"Bàbá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ká ṣí ìdajì."

"Haba! Obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àdúrà tó gbé láti ilé bàbá rẹ̀ wá, kí n wá fi réèkì wọ́ ọ sórí ilẹ̀ kó gbẹ. Kí ni mò ń sọ fún Ọlọ́run nígbà náà? Ṣé kí àdúrà náà kúrò ni?"

"Ẹja ń kú, Bàbá."

"Mo ní ojú. Mo rí i." Ó yí rédíò sókè.

Inú bí mi. Mo sọ fún ara mi pé mo máa fi hàn án, mo máa fi hàn án débi tí kò fi ní rí ẹnu fèsì. Bó ti rí pẹ̀lú èmi nìyẹn, bí mo bá ti lóye nǹkan, ó máa ń dà bíi pé mo ti ṣẹ́gun rẹ̀.

Ilé-ìwé ni mo ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún kejì ní ìpele àgbà, nítorí pé iṣẹ́ náà wà nínú ohun tó yẹ kí n kọ́ wọn lónìí tàbí lọ́la. Mo já koríko abẹ́ omi tó ṣì tutù láti inú odò kan lọ́nà Kuru, mo kó o sínú ìgò. Omi tí mo kọ́kọ́ lò ni omi mímu ilé wa. Láti ìgbà tí táífọ́ọ̀dù ti fẹ́ pa mí ní kékeré ni ìyá mi ti sọ ọ́ di òfin pé a kò gbọdọ̀ mu omi tí a kò sè, èmi náà ò sì tíì rú òfin náà rí. Omi mímọ́ ni mo ń wá, òun ni mo mọ̀ sí omi mímọ́. A dúró, a wo koríko, koríko wo wa. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sú àwọn ọmọ. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé gáàsì tí ewéko nílò láti fi dáná, èyí tí àwa ń mí síta, ti bá ooru jáde nígbà tí a se omi náà. Òfin ìyá mi ti sè é tán kó tó di tèmi.

Mo tún un ṣe pẹ̀lú omi odò tí koríko náà ti wá. Kò sí iná mànàmáná ní láàbù, ká má purọ́, n kò rántí ìgbà tí ó wà níbẹ̀ kẹ́yìn. Tọ́ọ̀ṣì gbígba-iná tí mo mú láti ilé ni mo lò, a sì fi páálí dí fèrèsé. Bí mo ti gbé tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ìgò, hóró afẹ́fẹ́ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í já kúrò lára ewé, wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn lọ sókè, wọ́n ń yára. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn lọ sórí tábìlì kejì. Wọ́n lọ́ra. Mo gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà. Hóró kan á rọ̀ mọ́ ewé fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni ń ronú, kó tó já. Mo fi ọ̀rá dúdú bo ìgò náà, kò sí ẹyọ kan. Àwọn ọmọ pariwo. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo dá ewéko sáyé.

Lẹ́yìn náà ni mo mú ojúòró tí mo já láti etí adágún bàbá mi, mo tò ó sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò kan títí ojú omi kò fi hàn mọ́, koríko wà lábẹ́. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti òkè. Ojúòró mọ́lẹ̀ dáadáa, ó lẹ́wà gan-an nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Lábẹ́ rẹ̀, nǹkan kan ò jáde.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn sọ̀rọ̀. "Ma, the one for up don chop everybody light." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń gba àdúrà pé kí n lékè, n kò bèèrè rí kí ni ń ṣẹlẹ̀ sí ohun tó wà lábẹ́.

Mo kó àwọn ìgò náà lọ sílé, mo tò wọ́n sí ìloro ní àárọ̀ ọjọ́ tí oòrùn mú: ọ̀kan nínú oòrùn, ọ̀kan lábẹ́ aṣọ, ọ̀kan lábẹ́ ojúòró. Bàbá mi ní òun ò ráyè. Nígbà tó yá ó gbé àga rẹ̀ wá. Ó wọ awò ojú tó fi ń wọ òwú sínú abẹ́rẹ́, ó tẹ̀ síwájú, ó ń wo hóró afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú ìgò inú oòrùn. Ó wo ti abẹ́ ojúòró. Ó tún padà wo ti oòrùn. Télọ̀ ni, ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan.

"Lálẹ́ ńkọ́?" ó bi mí. "Bí oòrùn bá wọ̀, kí ni koríko ń ṣe?"

"Òun náà á máa mí bíi ti ẹja, Bàbá. Inú omi kan náà ni gbogbo wọn ti ń fa èémí."

"Ìyẹn ni pé gbogbo ilé ń jẹ nínú ìkòkò kan, kò sì sẹ́ni tó ń dáná."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àárọ̀ ló máa ń le jù fún wọn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó bọ́ awò náà, ó fi etí bùbá nù ún. Mo ń dúró kí ó sọ pé ká lọ gbé réèkì. Nínú yàrá, ìyá mi ń pe nǹkan kan, tàbí ó ń gbìyànjú àti pe nǹkan kan.

"Mo gbà," ó ní. "Ohun tó o sọ, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí, o ò parọ́. Ti ewéko lo fi hàn mí yẹn. Ti ìyá rẹ ńkọ́? Ìgò wo lo máa fi ìyẹn sí?"

Ó wo ojú mi, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Èmi ò lè ṣe é. Bí ìwọ bá lè ṣe é, n ò ní dí ẹ lọ́wọ́. Mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Réèkì wà lẹ́yìn ilé."

Mo lọ. Ẹ gbọ́, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo wa mọ́tò dé Gyel, mo ń bá ara mi jà lọ́nà pé kí ni èmi fi ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ewé. Mo dúró létí omi pẹ̀lú réèkì. Mo ju réèkì náà sí i, mo fà á, ojúòró kan bá a wá pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ tó gùn, tó funfun, tí omi ń kán lára rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn ni ìyá mi fi ọwọ́ òsì bu oúnjẹ sẹ́nu fúnra rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Mo kàn ń rí ṣíbí náà, bó ṣe ń gbọ̀n lọ sí ẹnu rẹ̀. Bí mo bá kó omi yìí mọ́ lónìí, tí wọ́n sì pè mí lọ́la pé ọwọ́ òsì náà ti dúró ńkọ́? Mo mọ̀ pé kò sí okùn kankan láàárín méjèèjì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ irú rẹ̀ fún mi nínú ìdánwò, òdo ni màá fún un. Mo fi ọwọ́ mi dá ojúòró náà padà sómi, mo sì tò ó dáadáa.

Mo kórìíra ara mi lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo dé, bàbá mi rí ọwọ́ mi tó mọ́, ó ní kí n wá jẹun.

Láti ìgbà yẹn a wá di ẹni tó ń lu omi. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, kí n tó lọ sílé-ìwé, èmi àti bàbá mi á dúró sínú ojú omi kékeré inú ọparun, a ó máa fi báàfù bu omi sókè, a ó máa dà á padà kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Omi Jos láàárọ̀, bó ṣe ń tutù tó, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn bàbá mi kò gbà á, síbẹ̀ kì í jẹ́ kí n dá a ṣe. Ìyá kan tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ á dúró wò wá, á mi orí. Bí a bá ti lù ú tó bẹ́ẹ̀, àwọn ẹnu náà á wọlẹ̀, ọkàn wa á balẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún yọ. Ojúòró ní tirẹ̀ kò dúró, ó ti gun orí ọparun, ó ń wá bá wa nínú ìwọ̀nba ibi tó ṣẹ́ kù.

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé. Eruku gba ojú ọ̀run, a ò rí òkè, oòrùn funfun, ó rẹ̀, ó wà lókè lásán. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibi ọparun wọlé, ìwọ̀nba tó ń wọlé ọ̀hún, ó dín kù. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan mìíràn nígbà yẹn, mo sì ń wo ojú fèrèsé, mo ń sọ sínú pé kó là, kó là. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú omi yẹn bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí mímọ̀ náà ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Àárọ̀ tí àwọn ẹja náà kú, a ò rí ẹnu kankan nínú ọparun. Bàbá mi kọ́kọ́ rò pé ara wọn ti yá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kai, ṣé o rí i?" Èmi ti gbọ́ òórùn. Nígbà tí a fi ọwọ́ ṣí àárín ewé, wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n dojú ikùn sókè láàárín gbòǹgbò, wọ́n ṣì ń dán. Níbikíbi tí a bá ṣí, wọ́n wà níbẹ̀. A kó èyí tí ọwọ́ wa tó. Ìyá olóko náà wá bá wa kó o, kò sọ ju "Sannu, Baba. Sai haƙuri" lọ. Sùúrù ló ní kí bàbá mi ṣe. Bàbá mi dá a lóhùn pé òun gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, kò lè dìde, èmi àti obìnrin náà la gbé e.

Nínú mọ́tò ló ti sọ fún mi pé, "Má sọ fún ìyá rẹ." Mo bi í bóyá ká wá kó ojúòró náà kúrò báyìí. Ó ní kí la fẹ́ fi ìyẹn gbà là? Jẹ́ kó wà níbẹ̀, ó kéré tán òun náà ṣì wà.

Ṣùgbọ́n ìyá mi ń bèèrè. "Ẹja" jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ tó ti padà wá bá a. Bí bàbá mi bá wọlé, á ní, "Ẹja?" Bàbá mi á ní wọ́n wà. Nígbà tó yá ó fi kún un, ó ní, "Gbé mi." A ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó kọ̀ láti jẹ́ ká gbé òun sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò níwájú ilé. Ó di ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì. "Ẹja," ó ní, "gbé mi." Bàbá mi wò mí, èmi náà wò ó. A yí mọ́tò padà sí Gyel.

A gbé e lé àga oníke létí omi. Kò tíì rí ibẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ṣàìsàn. Ewéko tútù ló bo gbogbo rẹ̀, láti etí dé etí, kò sí bí a ṣe lè mọ̀ pé omi ni. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Ohun tí a ti ń ròyìn fún un láti ọjọ́ yìí wá nìyí, òun náà nìyí lójú rẹ̀. Bàbá mi gbé abọ́ oúnjẹ ẹja láti inú búùtù, ó ju díẹ̀ sí i, kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Oúnjẹ náà dúró lórí ewé, kò kan omi.

Ìyá mi wò ó títí. Ojú rẹ̀ le. Ìyá mi àtijọ́ ni, èyí tó ní kí dẹ́rẹ́bà máa wa mọ́tò rẹ̀.

"Ẹ já a," ó ní.

Bàbá mi ní, "Kí lo sọ?"

Ó fi ọwọ́ òsì ṣe é bí ẹni ń fa koríko lóko. "Ẹja. Kò... rí... Ẹ já a."

Bàbá mi yí kúrò lọ́dọ̀ wa, ó gbé ojú sókè, ó sì sọ ọ́ síta kedere: "Olúwa, Ẹ gbọ́ o. Òun ló ní ká já a. Kì í ṣe èmi." Ó bọ́ agbádá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó wọ inú omi pẹ̀lú ṣòkòtò ìjọsìn rẹ̀. Mo fi agbádá sórí òkúta, mo tẹ̀ lé e. Ó ń fà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ń wọ́ ọ sórí ilẹ̀, èmi náà ń wọ́ ọ. Ó rọrùn ju bí mo ti rò lọ, gbòǹgbò rẹ̀ kò di nǹkan kan mú. Kò pẹ́ tí omi fi là níwájú wa, oòrùn ọ̀sán sì bọ́ sínú rẹ̀ lọ tààrà, èèyàn lè rí ìsàlẹ̀.

Ìyá mi ní kí n gbé abọ́ fún òun. Mo gbé e lé e lítan. Ó bu oúnjẹ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó jù ú sí ojú omi tó là, ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ń retí ẹja. Ó tún bu òmíràn.

Bàbá mi kò dáwọ́ dúró. Ó ń já ojúòró lọ, kò sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ yí sí ọ̀dọ̀ wa.